Alárenà

Alárenà ni ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin àti wúńdíá, tí àwọn àgbà sì sọ pé bí ojú bá mọ ojú tán, yóò yẹ̀bá. Ṣùgbọ́n mitmproxy, ètò kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ alárenà láàárín búráúsà àti ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í yẹ̀bá ní tirẹ̀, nítorí ojú ọ̀nà 8080 ni ó ń jókòó sí, tí ó ń tú gbogbo iṣẹ́ tí a rán wò, èyí tí a bá sì júwe fún un nínú ìlànà rẹ̀ tí ń jẹ́ intercept, yóò dá a dúró títí a ó fi yọ̀ǹda rẹ̀. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ayédèrú ni búráúsà yóò pè é, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí, bíi ti báǹkì, inú ìlànà ignore_hosts ni a ń kọ orúkọ ojúlé rẹ̀ sí, kí ó lè kọjá láìtú.