Ẹni Òróró: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Mèsáyà Ti Ṣẹ̀ Wá

Ọ̀rọ̀ náà Mèsáyà kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wa lóde òní. Bí ètò ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé, àwọn alátìlẹ́yìn olóṣèlú a máa pe ẹni tiwọn ní Mèsáyà tí yóò tún ìlú tò. Bí wòlíì kan bá gbajúmọ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ a máa kí i bí ẹni pé òun gan-an ni aráyé ti ń retí. Àwọn Kristẹni ń ka orúkọ náà nínú Bíbélì, àwọn Mùsùlùmí ń kà á nínú Àlùkùránì. Síbẹ̀, bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí, wọn yóò dáhùn pé Olùgbàlà ni. Ìdáhùn yẹn fi ohun tí àwọn ènìyàn ń retí lọ́wọ́ Mèsáyà hàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtumọ̀ orúkọ náà. Ó yẹ kí a tọ odò yìí dé orísun rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣíwájú àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú Bíbélì Yorùbá, ọmọ Òkè-Ògùn ni. Ní Òṣoogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú náà, wọ́n sì ta ọmọdékùnrin yìí láti ọwọ́ olówò kan dé ọwọ́ òmíràn títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti di Samuel Ajayi Crowther. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní ọdún 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí òun, Thomas King àti àwọn mìíràn jọ ṣe.

Nínú Bíbélì èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí a ń wí yìí ni mashiach. Nígbà tí a ó fi Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Yorùbá, a pè é ní "ẹni òróró" tàbí "ẹni àmì òróró". Ìtumọ̀ yìí péye, nítorí pé mashiach kò ju ẹni tí a da òróró sí lórí lọ. Ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì ni a fi kọ Májẹ̀mú Titun, Christos sì ni àwọn Gíríìkì ń pe ẹni tí a fi òróró yàn. Láti ayé àtijọ́, ṣáájú ìbí Jésù, ni àwọn Júù tí ń gbé ilẹ̀ Íjíbítì ti fi ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ mashiach nínú ìwé mímọ́ wọn. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò tún túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Kristi ni a kàn pè é. Ibi méjì péré ni Májẹ̀mú Titun ti dárúkọ Mèsáyà gẹ́gẹ́ bí àwọn Hébérù ti ń pè é, inú Ìhìnrere Jòhánù sì ni méjèèjì wà.

Ohun tí ó tẹ̀yìn èyí yọ ni pé òǹkàwé Yorùbá rí orúkọ mẹ́ta nínú ìwé kan: ẹni òróró, Mèsáyà, Kristi. Ó ṣeé ṣe kí ó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bí ó bá ka ibi tí Dáfídì ti kọ̀ láti pa Sọ́ọ̀lù nítorí pé ẹni àmì òróró Olúwa ni, kò ní wá sí i lọ́kàn pé Mèsáyà ni ìwé náà ń pe Sọ́ọ̀lù.

Orúkọ kẹrin tún wà, èyí tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ìsẹ́yìn, nítorí pé Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni Àlùkùránì pe Ísà ọmọ Màríyámù ní al-Masīḥ. Onírúurú àlàyé ni àwọn onímọ̀ Lárúbáwá ṣe lórí orúkọ yìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta tí ó jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Hébérù, nítorí pé ọmọ ìyá ni èdè méjèèjì. Gbòǹgbò yìí kan náà ni àwọn alfáà ń lò fún fífi ọwọ́ tútù pa orí nígbà àlùwàlá. Fífi nǹkan pa ara tàbí orí ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ní àárín àwọn Hébérù pàápàá, ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ ní ọlá kankan. A lè fi òróró kun àkàrà pẹlẹbẹ, a sì lè fi kun asà ogun kí awọ rẹ̀ má baà gbẹ. Bí ìyá ọmọ ní Ṣakí bá ń fi òrí pa ọmọ lára ní ìgbà ọyẹ́, irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Hébérù yóò lò. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró ya ènìyàn sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà gba oyè. Wọ́n da òróró sórí Áárónì fún iṣẹ́ àlùfáà. Wòlíì Sámúẹ́lì da òróró sórí Sọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ó dà á sórí Dáfídì, wọ́n sì di ọba.

Àwa náà ní tiwa. A kì í da òróró sórí ọba. Ewé akòko ni a ń já lé olóyè lórí. Bí ó bá jẹ́ pé àṣà ni a fẹ́ fi túmọ̀ àṣà, mashiach ìbá máa jẹ́ "ẹni tí a ti já ewé oyè lé lórí". Ẹni tí ó wà láyé, tí ó ń jẹ oyè lọ́wọ́, ni. Ó lè ṣe dáadáa, ó sì lè ṣe búburú. Kò tilẹ̀ di dandan kí ó jẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì, nítorí pé ìwé wòlíì Àìsáyà fi orúkọ yìí pe Kírúsì, ọba Páṣíà, àjèjì tí kò mọ Ọlọ́run Ísírẹ́lì rí, nítorí iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an.

Báwo wá ni oyè ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ ṣe di orúkọ ẹni tí a ń retí? Ìtẹ́ ni ó ṣófo. Ní ọdún 586 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọmọ ogun Bábílónì wó Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì jó tẹ́ḿpìlì. Wọ́n pa àwọn ọmọ Sedekáyà ọba lójú rẹ̀, wọ́n fọ́ ọ lójú, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ sí oko ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni ìlérí kan wà nínú ìwé pé ìdílé Dáfídì kò ní kúrò lórí ìtẹ́. Ìlérí dúró, ìtẹ́ ṣófo. Láàárín méjèèjì ni ìrètí Mèsáyà ti hù.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Òkè-Ògùn yóò mọ bí irú nǹkan báyìí ti rí. Ní ìhà àríwá rẹ̀, nínú igbó ọba tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú lónìí, ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Nígbà tí àwọn Nupe lé Aláàfin kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Ìgbòho ni ààfin wá fìdí kalẹ̀ sí, Aláàfin mẹ́rin ni ìtàn sì sọ pé a sin síbẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Ní àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́-Ilé tú pátápátá. Aláàfin Olúewu bá ogun lọ, Àtìbà sì tún ìlú tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọjà, èyí tí í ṣe Ọ̀yọ́ òní. Ìdàrúdàpọ̀ tí ó wó ìjọba náà ni ó kó Òṣoogùn, tí ó sì sọ Àjàyí di ẹrú. Ìtàn tilẹ̀ sọ pé ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún.

Ibi tí ìtàn méjèèjì ti pín yà ni ó ṣe pàtàkì jù. Adé Ọ̀yọ́ rí orí mìíràn dé ní ibòmíràn. Adé Dáfídì kò rí. Nígbà tí àwọn Júù padà láti ìgbèkùn, àwọn kan rò pé Serubábélì, ọmọ ìdílé Dáfídì, ni yóò jẹ ọba, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́. Páṣíà ṣe ìjọba lórí wọn, Gíríìkì tẹ̀ lé e, Róòmù sì gba Jerúsálẹ́mù ní ọdún 63 ṣáájú ìbí Jésù. Ọba tí a kò rí lónìí wá di ọba tí a ń retí lọ́la.

Ìrètí náà kò sì ṣọ̀kan. Àwọn ìwé àtijọ́ tí a rí ní Qumran, lẹ́bàá Òkun Òkú, láti ọdún 1947, fi hàn pé àwọn kan ń retí ẹni òróró méjì, ọ̀kan àlùfáà, èkejì ọba. Àwọn mìíràn gbójú sókè ọ̀run. Inú ìrètí onírúurú yìí ni Jésù ti Násárẹ́tì wá. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní òun ni. Róòmù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí oyè ọba, ìdí nìyí tí ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sórí àgbélébùú rẹ̀ fi jẹ́ ti ọba àwọn Júù. Kristẹni gbà pé ó ní láti jìyà, kí ó jíǹde, kí ó sì tún padà wá. Mùsùlùmí gbà pé Mèsáyà ni Ísà, yóò sì padà wá, ṣùgbọ́n wòlíì ni, kì í ṣe ọmọ Ọlọ́run. Àwọn Júù tí kò gbà béèrè pé àlàáfíà tí ẹni òróró yóò mú wá dà?

Ìbéèrè yẹn ti ná àwọn Júù lówó iyebíye. Ní ọdún 132, Rábì Akiva, àgbà ọ̀mọ̀wé, kéde pé Bar Kokhba, olórí ogun kan, ni Mèsáyà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 135, Róòmù ti pa á, ẹgbàágbèje ènìyàn sì bá a lọ. Ní ọdún 1665, Shabbetai Zevi ti ìlú Izmir ní òun ni. Àwọn kan ta dúkìá wọn láti múra ìrìn àjò sí Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún kejì, níwájú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, ó yí ẹ̀sìn padà kí wọ́n má baà pa á. Kò yani lẹ́nu pé Maimonides, ọ̀mọ̀wé Júù tí ó kú ní ọdún 1204, ti fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ tipẹ́: a kò bi Mèsáyà léèrè iṣẹ́ ìyanu, iṣẹ́ rẹ̀ ni a ó wò. Bí ó bá kùnà, kì í ṣe òun.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti rí tirẹ̀. Láti ọdún 1916 ni ẹ̀kọ́ Ahmadiyya ti dé Èkó, àwọn ẹni tí ó gbà pé Mirza Ghulam Ahmad ti ilẹ̀ Íńdíà ni Mèsáyà tí a ṣèlérí. Ní àwọn ọdún 1940, Jumat Imam kéde ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde pé òun ni Mahdi. Lẹ́yìn èyí ni Odumosu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jésù Òyìngbò, ní òun ni Jésù tí ó padà wá. Ó kú ní ọdún 1988.

Kì í ṣe tiwa láti dájọ́ ẹ̀sìn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ní ohun méjì tí ó lè kọ́ wa, pàápàá nígbà tí a bá fẹ́ gbé e fún olóṣèlú. Èkíní, ẹnikẹ́ni kì í da òróró sórí ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń dà á sí i lórí, nítorí iṣẹ́. Èkejì, òróró kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìbéèrè. Nígbà tí Dáfídì gba aya ọmọ ogun rẹ̀ tí ó sì ṣe ikú pa ọkọ, wòlíì Nátánì wọ ààfin lọ, ó sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un lójúkojú. Mèsáyà ni Dáfídì lọ́jọ́ náà. Nátánì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́.