Ẹ̀rọ Dé, Olùkọ́ Ò Dé

Lọ́dún 1982, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 kalẹ̀. Iṣẹ́ tuntun kan bá a wọ kíláàsì, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní Intro Tech. Èrò ìjọba ni pé ọmọ tó bá lo ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì yóò ti di ayùn mú, yóò ti jó irin, yóò ti ya àwòrán ẹ̀rọ, kó má baà jẹ́ ìwé nìkan ni yóò mọ̀.

Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun lóòótọ́, owó ńlá ni wọ́n sì ná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò ní iná mànàmáná, òmíràn ò ní ilé tí wọn yóò to ẹ̀rọ sí, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò sì ṣọ̀wọ́n. Inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn dé ni púpọ̀ nínú wọn wà tí wọ́n fi dógùn-ún. Iye tí wọ́n ń ra epo rọ̀bì tún já wálẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, owó tó ń wọlé fún ìjọba sì dín kù. Ó dunni, nítorí èrò náà dára.

Ìtàn ọ̀hún ti pẹ́. Nígbà tí òyìnbó ṣí Yaba Higher College ní 1934, wọ́n kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ẹnjiníà àti ìṣègùn, ṣùgbọ́n wọn ò fún wọn ní oyè yunifásítì. Abẹ́ òyìnbó ni ìjọba fẹ́ kí àwọn tó jáde níbẹ̀ wà títí. Ìbínú sí èyí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ òṣèlú Lagos Youth Movement lọ́dún kan náà. Ní 1959, ìgbìmọ̀ Eric Ashby bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò àwọn tó mọṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè yóò nílò fún ogún ọdún; ìjábọ̀ wọn jáde nígbà tí òmìnira ku oṣù kan. Síbẹ̀, ó di 1967 kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé Akọ́kà.

Ètò tó wúlò jù lọ kò gba ẹ̀rọ tuntun rárá. Ní 1971 ni ìjọba dá àpò ITF sílẹ̀, ó ní kí iléeṣẹ́ ńláńlá máa dáwó sí i láti fi kọ́ òṣìṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni SIWES dé, èyí tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí iléeṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. “Mo wà ní IT,” ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, ni wọ́n máa ń wí. Ọmọ náà á dúró ti ẹni tó mọṣẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe ń na sípánà sí ọ̀gá rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi là.

Kọ̀ǹpútà wá gba ipò irin àti pákó. Ìjọba dá NITDA, àjọ tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ ní 2001, ṣùgbọ́n Yaba náà ni ọ̀rọ̀ tún padà sí: níbẹ̀ ni Bọ́sún Tìjání àti ẹnìkejì rẹ̀ ti dá Co-Creation Hub sílẹ̀, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ara wọn níṣẹ́. Nígbà tí Tìjání di mínísítà ní 2023, ó bẹ̀rẹ̀ 3MTT, ètò láti kọ́ 3,000,000 èèyàn. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ 30,000. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì tún pàdé ní ibùdó kan ní ìpínlẹ̀ wọn, níbi tí olùkọ́ yóò ti jókòó tì wọ́n.