Ìrìn Àjò Ìṣẹ́jú Méjì ní Orkney
Kìlómítà 2.7 péré ló wà láàárín pápákọ̀ òfuurufú Westray àti ti Papa Westray, ní àwọn erékùṣù Orkney, lápá àríwá Scotland. Ọdún 1967 ni iléeṣẹ́ Loganair bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà náà. Ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n kọ sínú ìwé àkókò wọn, àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn, kì í tó bẹ́ẹ̀: awakọ̀ òfuurufú Stuart Linklater fi ìṣẹ́jú àáyá 53 parí ìrìn àjò náà rí. Ìrìn àjò yìí kì í ṣe àṣehàn rárá. Òkun ló wà láàárín erékùṣù méjèèjì, ará Papa Westray kò sì tó 100. Ọkọ̀ kékeré Britten-Norman Islander ló ń gbé olùkọ́, dókítà àti aláìsàn kọjá.