Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ra ilẹ̀ gbàràmù lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n á ri pátákó ńlá mọ́lẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á ya àwòrán ilé ìtajà aláràǹbarà sí i lára, gíláàsì rẹ̀ á máa dán gbinrin, mọ́tò tó wà nínú àwòrán náà ò sì ní ju mẹ́ta lọ. Nínú ìpàdé ìlú, àwọn ọ̀dọ́ á béèrè iye èèyàn tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà á béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìsọ̀ tiwọn. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí bàbá kan tó wà níkọ̀rọ̀ tó dìde, kó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo làwọn mọ́tò ó gbà wọlé, ibo ni wọ́n ó gbà jáde?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní bàbá tún ti dé o.

Àwa ò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ìbéèrè bàbá yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ju mọ́tò lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Àpòmù ká wò ó.

Àpòmù kì í ṣe ìlú ńlá. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, baálẹ̀ ló ń ṣàkóso ibẹ̀, abẹ́ Ọọ̀ni Ifẹ̀ ló sì wà. Ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ju ìlú náà lọ fíìfíì. Ibẹ̀ làwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń pàdé àwọn Ìjẹ̀bú tó ń kó ẹrù bọ̀ láti ìhà òkun, ibẹ̀ làwọn ará Ifẹ̀ àti Òwu náà ń ná. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (ìwé náà ò rí ojú ayé títí di 1921, ìtàn tó ní ìtàn tirẹ̀ nìyẹn), sọ fún wa pé wàhálà ọjà náà ni ìjínigbé. Ọmọ Ọ̀yọ́ á gbé ẹrù wá sọ́jà, òun fúnra rẹ̀ á di ọjà. Aláàfin Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Olówu àti Ọọ̀ni pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i, àwọn náà sì pàṣẹ fún Baálẹ̀ Àpòmù pé kó máa la ojú sílẹ̀.

Kí ni baálẹ̀ ìlú kékeré fẹ́ fi ṣọ́ ọjà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń ná? Síbẹ̀ ó gbìyànjú. Nígbà tí ọmọ ọba Ọ̀yọ́ kan, Awólẹ̀, ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá sọ́jà, tó fi gba ẹrù, baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ gba ọ̀rẹ́ náà padà, ó sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ṣe yẹn o. Àfi bí Awólẹ̀ ṣe jọba lẹ́yìn Abíọ́dún. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, Baálẹ̀ Àpòmù ló dárúkọ. Baálẹ̀ sá lọ sọ́dọ̀ Ọọ̀ni, Ọọ̀ni ò lè gbà á sílẹ̀. Ó gbẹ̀mí ara rẹ̀, ó sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gé orí òun lọ fi tu Aláàfin lójú.

Ọ̀rọ̀ ọjà yẹn ò sì tán síbẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ tún bẹ Olówu pé kó dá ìjínigbé ọ̀nà Àpòmù dúró. Ibi tó ti lọ ṣèyẹn, Àpòmù, Ìkirè àti àwọn ìlú mìíràn lágbègbè náà ló fogun bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìjà ṣẹ́ láàárín Ìjẹ̀bú kan àti ará Òwu kan nínú ọjà Àpòmù, lórí atare tí iye rẹ̀ ò pé. Atare lásán! Láti ibẹ̀ ni Ìjẹ̀bú ti bá Ifẹ̀ pawọ́ pọ̀, tí wọ́n sì tú ìlú Òwu ká.

A mọ̀ pé kì í ṣe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló tú Òwu. Ohun tí à ń wò ni pé ìlú kékeré gba ọjà ńlá lálejò, àwọn tó jèrè rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, ọrùn baálẹ̀ nìkan ni ìṣọ́ ọ̀nà wà. Ìyẹn ò tíì yí padà. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ò ní ju ọkọ̀ akólẹ̀ kan lọ ni wọ́n máa ní kó wá darí mọ́tò tó ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mẹ́ta.

B. W. Hodder, onímọ̀ jọ́gíráfì tó ṣèwádìí lórí àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá láyé 1960, gbà pé kì í ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ará abúlé ló bí àwọn ọjà àtijọ́, òwò ọ̀nà jíjìn ni. Ọ̀nà ló bí ọjà. Àwọn baba wa sì mọ̀ pé ọmọ yìí lè gun ìyá rẹ̀ pa, wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i. Ọgbọ́n kan ni kíka ọjọ́ ọjà. Ìlú yìí á ná lónìí, tọ̀hún á ná lọ́la, tó fi jẹ́ pé èrò kì í ya bo ojú kan náà lójoojúmọ́. (Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Wọ́n ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn ni wọ́n ṣe ń pè é ní ọrọọ́rún.) Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ọjà méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ná wọn. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, a ti sọ ọ́ di òwe pátá báyìí, ẹni tó ń wáṣẹ́ là ń fi í tù nínú. Ẹ gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: ọjà tó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́, wàhálà ni.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e ní 1906. Láti ìgbà náà ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níwájú ààfin díẹ̀díẹ̀, tó ń rìn lọ sétí ọ̀dà. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, eré ni wọ́n ṣe é fún, kí mọ́tò má dúró. Ṣùgbọ́n ibi tí mọ́tò bá ti sáré kọjá, ẹni tó ní nǹkan tà á fẹ́ kó dúró. Ẹ wo Ìkirè, aládùúgbò Àpòmù. Ta ló gba ibẹ̀ kọjá tí ò ra dòdò Ìkirè rí? Ẹni tó ń ta dòdò, igbá kan ló gbé dání, bí ọkọ̀ bá ya sẹ́bàá ọ̀nà fún ìṣẹ́jú méjì, ó ti tán.

Ilé ìtajà ńlá kì í ṣe igbá dòdò. Ojoojúmọ́ ló ń ná, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò mọ ọrọọ́rún. Tírélà ló ń kó ẹrù wá fún un. Géètì kan ló sì sábà máa ń ní, ojú ọ̀nà márosẹ̀ gan-an ni géètì yẹn kọjú sí. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti òdìkejì ní láti lọ wá ibi tó ti máa yí po lọ́nà jíjìn, ta ló sì ń ṣèyẹn? Ọlọ́kadà á kọjú sí àwọn tó ń bọ̀ ni, á ní kò jìnnà. Korope á dúró gbọnrangandan sójú géètì kó lè rí èrò gbé. Àwọn ọmọ iléèwé tó máa ń sọdá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní ibòmíràn tí wọ́n máa gbà.

Àwa ò ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú ìpàdé tí à ń sọ, ẹni tó mú àwòrán wá tún máa ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì, bàbá náà á sì tẹ̀ ba lé e lórí, á fi ìka tọ ojú ọ̀nà títí á fi dé etí bébà. Á wá ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, tírélà ńkọ́? Mi ò rí ibi tí ẹ yà á sí."