Ìtàn Bí Fọ́tò Ṣe Dé Ojú Fóònù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé yíyà ni iṣẹ́ ńlá tí ó wà nínú ọ̀ràn fọ́tò, àti pé bí a bá ti yà á tán, fífi hàn kò ju kí a la ojú lọ. Bí a bá wo ìtàn kámẹ́rà inú fóònù dáradára, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ dá láti fi fọ́tò hàn ni ó fà á tí èyí tí a ń wò fi máa ń yàtọ̀ sí èyí tí kámẹ́rà yà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, Steven Sasson, òṣìṣẹ́ Kodak ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, ya fọ́tò kan láìlo fíìmù. Ẹ̀kán dúdú òun funfun kéékèèké 10,000 péré ni ó para pọ̀ di fọ́tò náà, síbẹ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ẹ̀rọ náà fi kọ wọ́n sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ mìíràn ni ó ní láti ka kásẹ́ẹ̀tì náà kí àwòrán tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n.

Kí fọ́tò tó lè rọrùn láti pamọ́ àti láti fi ránṣẹ́, ó ní láti kéré. Ní ọdún 1992 ni ìlànà tí a ń pè ní JPEG jáde, èyí tí í ká fọ́tò bí a ti í ká ẹní. Ẹní tí a ká, ẹ̀gbẹ́ ògiri gbà á; bí a bá fẹ́ sùn lé e, àfi kí a tẹ́ ẹ, ilẹ̀ tí yóò sì gbà kò dín rárá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fọ́tò nínú mẹ́mọ́rì fóònù. Ṣùgbọ́n ẹní kì í pàdánù koríko kankan nígbà tí a bá ń ká a. JPEG a máa ju àwọn ìyàtọ̀ àwọ̀ tí ojú ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí nù.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1997, Philippe Kahn so kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà àgbéká àti fóònù pọ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Santa Cruz ní California, ó sì fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ titun ránṣẹ́ sí ènìyàn tí ó ju 2,000 lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, Sharp gbé J-SH04 jáde ní Jàpáànù, fóònù tí kámẹ́rà wà lára rẹ̀. Ẹ̀kán 110,000 ni kámẹ́rà náà ní. Títẹ́ fọ́tò kò tíì di ìṣòro.

Ó di ìṣòro ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, nígbà tí fóònù Android àkọ́kọ́, T-Mobile G1, dé orí àtẹ. Fọ́tò rẹ̀ ní ẹ̀kán 2,048 ní ìbú àti 1,536 ní òòró, àpapọ̀ 3,145,728. Báìtì 4 ni ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń gbà. Nítorí náà fọ́tò kan ṣoṣo, bí a bá tẹ́ ẹ tán, gba mẹ́gábáìtì 12. Mẹ́gábáìtì 16 sì ni ààyè tí a yọ̀ǹda fún áàpù kọ̀ọ̀kan. Iyàrá ẹsẹ̀ 16, ẹní ẹsẹ̀ 12! Áàpù tí ó bá gbìyànjú láti tẹ́ èkejì yóò kú mọ́ ẹni tí ń lò ó lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ojú fóònù náà kò ju ẹ̀kán 320 sí 480 lọ. Kí ni a ń fi mílíọ̀nù mẹ́ta ṣe níbẹ̀? Android fún àwọn oníṣẹ́ áàpù ní ọ̀nà láti mú ẹ̀kán 1 nínú 4 ní ìbú, àti 1 nínú 4 ní òòró. Fọ́tò di 512 sí 384, kò sì gba tó mẹ́gábáìtì kan mọ́. Títí di òní, àwọn fọ́tò kéékèèké tí ó tò lójú fóònù wa kì í ṣe fọ́tò náà gan-an, ẹ̀dà wọn ni.

Ọ̀ràn mìíràn a máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà a máa kọ bí a ṣe dì í mú, àti ọjọ́ òun wákàtí, sí ara fọ́tò, nínú àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní Exif, tí ó ti Jàpáànù jáde ní ọdún 1995. Áàpù tí kò bá kà á lè fi ìyàwó tí ó dúró ṣánṣán hàn bí ẹni tí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Àwa tí a ń kó ìtàn jọ ni ọ̀ràn ẹ̀dà yìí kàn jù. Mo bẹ àbúrò mi kan kí ó ya òkúta ibojì bàbá ńlá wa nínú àgbàlá, nítorí pé ọ̀nà títì tuntun yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ó fi í ránṣẹ́. Lójú fóònù, ó dára púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni mo fẹ̀ ẹ́ láti ka ọdún tí a gbẹ́ síbẹ̀. Àwọn nọ́ńbà náà dàrú mọ́ra bí yíǹkì tí omi kán sí: áàpù tí ó gbé e wá ti dín ẹ̀kán rẹ̀ kù lójú ọ̀nà, ó sì ti nu ọjọ́ tí a yà á kúrò. Wọ́n ti wó àgbàlá náà nígbà yẹn. Mo ní kí ó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, bí ó ti rí gan-an nínú kámẹ́rà.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa á rẹ́ nínú fóònù mi, ṣebí ó ti dé ọwọ́ yín.”