Orin Tí Kọ̀ǹpútà Ń Bí, 1975 sí 2012

Ní ọdún 1975, John Holland ti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè wá ojútùú sí ìṣòro nípa fífarawé bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ya àgbàdo tó yọmọ dáadáa sọ́tọ̀ fún irúgbìn ni ọ̀rọ̀ náà rí: kọ̀ǹpútà á kó ọ̀pọ̀ ìdáhùn jọ, á ṣa àwọn tó dára, á pa wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì kí wọ́n lè bímọ, á sì fi ìyípadà kékeré sára àwọn ọmọ náà.

Ní 1991, Andrew Horner àti David Goldberg mú ìlànà yìí wọ inú orin. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa sún ohùn orin kan díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òmíràn. Ìdájọ́ kò nira níbẹ̀, torí pé ohùn tí wọ́n ń lọ bá ti wà nílẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ pé orin dùn? Ìbéèrè yìí gan-an ló darí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

John Al Biles, olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, tó tún ń fun tìráńpẹ́ẹ̀tì, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ GenJam jáde ní 1994. GenJam ń kọ́ bí a ṣe ń dá orin jáàsì lójú ẹsẹ̀. Èèyàn á jókòó tì í, á máa gbọ́ ọ. Bí ó bá dùn, á tẹ bọ́tìnnì kan, bí kò bá dùn, á tẹ òmíràn. Kíá ni ìnira ọ̀nà yìí hàn: kọ̀ǹpútà lè bí ọ̀kẹ́ àìmọye orin kí a tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni etí lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, etí a sì máa rẹ̀. Biles kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó kọ́ GenJam láti gbọ́ ohun tí òun bá fun lórí tìráńpẹ́ẹ̀tì, kó yí i padà, kó sì fi dá a lóhùn lójú agbo. Ní 2001, ó yọ ìdájọ́ kúrò pátápátá: ègé orin jáàsì tó ti wà nílẹ̀ ló fi ṣe òbí àkọ́kọ́, kí ọmọ má baà burú jù.

Ní Ọsirélíà, Jon McCormack gba ọ̀nà mìíràn tó jẹ́ pé, lójú tèmi, òun ló jinlẹ̀ jù. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, Eden, aṣọ àwòrán méjì dábùú ara wọn nínú yàrá. Àwọn ẹ̀dá orí kọ̀ǹpútà ń wá oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń pariwo. Ẹ̀rọ ń ṣọ́ ibi tí àwọn òǹwòran bá dúró sí, oúnjẹ a sì máa pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀dá tí ohùn rẹ̀ bá dá èèyàn dúró á jẹun yó. Kò sí bọ́tìnnì kankan láti tẹ̀. Ìdúró èèyàn ni ìbò.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Imperial College, London, ròyìn ìwádìí wọn tí ń jẹ́ DarwinTunes. Ariwo lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní ègé oníṣẹ́jú-àáyá 8. Nǹkan bí 7,000 ènìyàn fún àwọn ègé náà ní máàkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú 20 tí a bá gbọ́, 10 tó ta yọ ló ń bímọ. Adùn orin náà yára pọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró sójú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran náà lé ní 2,500. Ìdí tí àwọn olùwádìí rí ni pé bí orin ṣe ń díjú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣòro fún ọmọ láti jogún ohun tó mú òbí rẹ̀ dùn.