Láti Karmo lọ sílé: ọ̀nà wo ló yẹ ká gbà?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ fún àwa ará Karmo tá a bá ń lọ sílé. Kẹ́ ẹ tó sanwó ní gáréèjì, ẹ bi dẹ́rẹ́bà èwo ló fẹ́ gbà.

Ọ̀nà Lọ́kọ́ja: Gwagwalada, Abaji, Koton Karfe, Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ lará Èkìtì ti ń gba Obajana àti Kàbbà bọ́ sí Òmùò. Ará Àkókó àti Ọ̀wọ̀ á gba Òkéné. Kọnkéré ni Dangote fi ṣe títì Obajana sí Kàbbà, òjò kì í tètè bà á jẹ́. Àmọ́ tírélà símẹ́ńtì pọ̀ níbẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, omi Ọya àti Bẹ́núè bo títì ní agbègbè Lọ́kọ́ja, ọ̀pọ̀ èrò sì sùn sójú ọ̀nà.

Ọ̀nà Bida: Lambata, Lapai, Agaie, Bida, Mokwa, Jebba, Ìlọrin. Ó ṣe tààrà fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kòtò àti tanka epo kì í jẹ́ kó yá. A gbé tòmátì gba ibẹ̀ rí lásìkò òjò. Ká tó dé Jebba, omi rẹ̀ ti ń kán sílẹ̀ ọkọ̀.

Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ pe ẹni yín ní Lọ́kọ́ja tàbí Bida láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra. Ẹ jáde ní ìdájí. Bílẹ̀ bá ṣú, ẹ wọ ìlú kẹ́ ẹ sùn; àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà méjèèjì. Èyí tó bá máa gbé wa délé kílẹ̀ tó ṣú, bó tiẹ̀ jìn, òun ló rọrùn.